Ojúoró Tí A Kò Jẹ́ Kó Wọ Omi

Ọdún tí baálé mi pé ọgọ́ta ni ó ra bóòtì. Ẹlòmíràn á ra mọ́tò bọ̀gìnnì, tèmi ra bóòtì àlòkù kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ó so ó mọ́ ìdí truck, ó sì wọ́ ọ wá sí iwájú ilé wa ní Lilburn, nílùú òyìnbó níbí. Ó dúró tì í bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Èmi tí wọ́n bí sétí ọ̀sà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, tí mo ti ń tukọ̀ kí n tó lè kọ orúkọ mi, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Daddy, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rà báyìí?"

Ó ní, "Bóòtì ni."

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín èmi àti omi, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Apẹja ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ewé kan tí a kò rí rí léfòó wá sórí ọ̀sà wa, ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó rẹwà. Àwa ọmọdé ń já a, a ń fi í sírun, a ń fi ṣe ìyàwó. Bàbá mi kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n kàn ń pè é ní àlejò. Kí òjò ọdún kejì tó dá, àlejò ti di onílé. Ojú omi tí à ń rí títí dé òdìkejì di pápá. Ọkọ̀ kò lè kọjá, àwọ̀n kò lè rì, ẹja ń kú sábẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá tó ń gbé ẹja yíyan lọ sọ́jà jókòó sílé. Láàárọ̀, bàbá mi á gbé àjẹ̀ wọn lé èjìká, wọ́n á dúró létí omi, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì padà wọlé. Níkẹyìn wọ́n la ọkọ̀ wọn sí wẹ́wẹ́, ìyá mi sì fi dáná. Géètì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú ni bàbá mi ń ṣọ́ títí wọ́n fi kú. A kò mọ ẹni tó gbé ewé náà dé. Títí di òní olónìí, inú ṣì ń bí mi sí ẹni náà, mo sì máa ń bú u bí mo bá dá wà nínú mọ́tò.

Nítorí náà, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ́ bóòtì lọ sí Lanier, adágún ńlá tí omi ẹ̀rọ ilé wa ti ń wá, omi kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Pátákó kan ni, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nítòsí ibi tí bóòtì ń gbà wọ omi. Wọ́n ya àwòrán oríṣiríṣi ewé àti àwọn nǹkan oníkarahun wẹ́wẹ́ sí i, gbogbo ohun tí ọlọ́bóòtì máa ń gbé láti omi kan dé òmíràn láìmọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ kò le rárá. Bí o bá ti inú omi kan jáde, tu gbogbo ewé àti ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bóòtì àti táyà, tú ìdérí ìdí rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ dà sórí ilẹ̀, kí o sì sá a kó gbẹ kí o tó gbé e wọ omi mìíràn.

Àlejò bàbá mi wà lórí pátákó náà, lókè pátápátá, tòun ti òdòdó rẹ̀. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó tẹ̀ lé e ló yà mí lẹ́nu: ojúoró. Ojúoró wa! Ewé tí gbogbo Yorùbá fi ń tọrọ pé kí Ọlọ́run gbé àwọn lékè. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rí fọ́tò àbúrò ìyá rẹ̀ lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá. Mo dúró, mo rò ó. Nílé, ọmọ onílẹ̀ ni ojúoró, ohun tó ń jẹ ẹ́ wà níbẹ̀, ó sì mọ ibi tó ń dé dúró. Níbí, kò sí ohun tó máa dá a lẹ́kun. Ohun tí àlejò olódòdó fojú wa rí ni òun náà lè fojú àwọn ẹlòmíràn rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹni tó ti ń fọwọ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn kan lọ bá èkejì láti ọdún gbọọrọ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ náà, bóòtì wa kò wọ omi kan láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ ara mi yẹ ìdí rẹ̀ wò. Baálé mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Uncle, máa ń wọ́ ọ kiri: lónìí Lanier, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ adágún mìíràn níhà Hampton. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ìgbà kan, wọ́n rọ omi adágún sínú bákẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ́ gbé ẹja wálé láàyè, wọ́n ní ọbẹ̀ ẹja tó bá wọ ìkòkò láàyè ló ń dùn. Mo ní kí wọ́n pa ẹja náà síbẹ̀, kí wọ́n fi yìnyín bò ó, kí wọ́n da omi náà sórí koríko. Uncle ní, "Madam, na ordinary water be this o!" Mo ní kò sí omi kan tó jẹ́ omi lásán. Ó dà á nù, ó ń kùn. Ọbẹ̀ náà dùn, ó sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn méjèèjì yìí, mo lè pàṣẹ fún wọn. Ẹni tí n kò lè pàṣẹ fún ni Aunty.

Aunty ni ẹ̀gbọ́n àgbà fún baálé mi. Àwọn ló gbé e pọ̀n, àwọn ló rán an níléèwé nígbà tí ìyá wọn kú. Nínú àṣà wa, bí ó ṣe jẹ́ ọkọ mi ni àwọn náà ṣe jẹ́ ọkọ mi. Ìyàwó ilé kì í bá ọkọ jiyàn níta. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, bí Aunty bá ní ó funfun, mo máa ń ní ó funfun báláú. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé ní Florida, nínú ilé kan tí adágún kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àbúrò wọn ra bóòtì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ máa gun orí omi kiri láìjẹ́ pé àwọn wá fi àdúrà sí i. Wọ́n dé lọ́jọ́ Friday pẹ̀lú kúlà funfun ńlá kan tí wọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí. Mo rò pé ẹja ni.

Àárọ̀ Saturday, a dé Lanier, Uncle náà tẹ̀ lé wa. Oòrùn ti yọ, bóòtì àti truck tò sẹ́yìn wa bí ẹni tó wá dìbò. Baálé mi yí ìdí truck sí omi, ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníkọnkéré tó wọ inú omi lọ. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí táyà trailer, irin tí bóòtì gùn lórí, kan omi, Aunty ní kó dúró. Wọ́n ní kí Uncle gbé kúlà wá. Wọ́n ṣí i.

Ojúoró ló kún inú rẹ̀. Ó tutù, ó ń dán, ó tẹ́ rẹrẹ bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́nmi sí, gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ́ nínú omi bí irùngbọ̀n. Inú adágún ẹ̀yìn ilé wọn ni wọ́n ti kó o. Kí n tó lè la ẹnu, Aunty ti da ìdajì sínú bóòtì, wọ́n sì di ìyókù mú lọ́wọ́ méjèèjì láti gbé e sórí omi, kí bóòtì lè gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ojúoró ní í lékè omi!"

"Àmín!" baálé mi dáhùn láti ojú fèrèsé truck.

"Òṣíbàtà ní í lékè odò! Bóòtì yìí, òkè omi ni wàá máa wà. Ẹni tó bá wọ inú ẹ ò ní rì!"

"Àmín o!" Uncle ni.

Mi ò ṣe Àmín. Ẹni tó bá mọ ilé wa á mọ ohun tí mo ṣe yẹn. Ìyàwó dákẹ́ sí àdúrà ọkọ rẹ̀! Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá mi nìkan ni mò ń rí, tàjẹ̀ tàjẹ̀ létí omi. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi. Mo lọ sẹ́yìn trailer, sáàárín táyà àti omi, mo sì kúnlẹ̀ sórí kọnkéré náà.

Baálé mi kígbe, "Mummy, ìwọ náà! Dìde jàre, àwọn èèyàn ń wait!"

Aunty ní, "Ìyàwó, kí ló dé? Mi ò gbọ́ Àmín tìẹ o."

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe àdúrà yín ni mi ò gbà. Ewé yẹn ni kò gbọdọ̀ wọ omi yìí. Òfin ò fẹ́ ẹ, èmi náà ò sì fẹ́ ẹ."

"Ojúoró? Ojúoró tí bàbá wa fi ń súre fún wa?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ń súre, Aunty, ẹ ò gbé etí omi rí."

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Uncle ní "Haa!" ó sì wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, ó sì tún jẹ́ òótọ́: ará ilẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́ràn ojúoró jù, torí inú àdúrà nìkan ni wọ́n ti ń bá a pàdé.

Uncle gbìyànjú láti bá wa parí ìjà. "Aunty, make we no vex. Òtútù December á pa á. E no fit survive am."

Mo ní, "Ewé ni òtútù máa pa. Irúgbìn ẹ̀ ńkọ́? Inú ẹrẹ̀ ló máa sùn sí títí ilẹ̀ á fi móoru."

Lẹ́yìn wa, ẹnì kan tẹ fèrè mọ́tò. Aunty kò wo ẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n ń wò, ojúoró ń kán omi sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí.

"Àwa náà ńkọ́? Ṣebí àlejò ni wá níbí. Ṣé kí wọ́n kó àwa náà dà nù ni?"

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí dé egungun, torí èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tí mo ti rí èsì fún wọn, mi ò mọ̀.

"Aunty, àwa kan ilẹ̀kùn ká tó wọlé. Wọ́n tú àpótí wa yẹ̀ wò. Ẹ ò rántí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní airport, tẹ́ ẹ ń bú wọn títí a fi délé?"

Baálé mi bú sẹ́rìn-ín nínú truck, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu Aunty mì díẹ̀. "Ọ̀yà ni," wọ́n ní. "Ọ̀yà ńlá."

Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn, ohun tí n kò sọ fún ará ilé ọkọ mi kankan rí torí mo rò pé ẹ̀sín ni. Mo sọ ti òdòdó tí à ń fi ṣeré. Mo sọ bí ọkọ̀ ṣe di igi ìdáná. Mo sọ ti géètì. Aunty kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Ta ló gbé e débẹ̀?"

"A ò mọ̀, Aunty. Bóyá ẹnì kan tí òdòdó ẹ̀ wù ú ni. Bóyá èèyàn dáadáa ni, tí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Láti kékeré ni mo ti ń bú ẹni náà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni máa bú yín bẹ́ẹ̀."

Aunty wo ewé ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n rìn padà sí ibi kúlà, wọ́n rọra kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró.

"Dìde," wọ́n ní. "Orúnkún ẹ ti bó." Wọ́n yíjú sí truck. "Ìwọ! Wa nǹkan yìí kúrò lójú ọ̀nà àwọn èèyàn, ká rí ibi tú inú ẹ̀."

Ọkùnrin ọgọ́ta ọdún náà dáhùn "Yes, Aunty" bí ọmọ ọdún méje, ó sì wa truck gòkè. Inú mi dùn débi pé n kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórúnkún mi.

Òkè níbi ìgbọ́kọ̀sí ni a ti ṣe é. A ṣa ojúoró inú bóòtì lọ́kọ̀ọ̀kan, Uncle dùbúlẹ̀ ó ń fi ìka wá gbòǹgbò tó sá sábẹ́ pákó. Aunty gbé kúlà, wọ́n fẹ́ da omi rẹ̀ sínú gọ́tà, mo sì tún ké.

"Omi náà?"

"Omi náà, Aunty. Ọmọ ẹ̀ wà nínú ẹ̀."

"Ìwọ obìnrin yìí!" Ṣùgbọ́n orí koríko gbígbẹ, níbi tó jìnnà sí omi, ni wọ́n lọ dà á sí. A tẹ́ ojúoró sórí ọ̀dà títì tó ti gbóná. Kí a tó fọ bóòtì tán, ewé tó ń dán láàárọ̀ ti ká kò bí ìwé tí iná rà. A sá bóòtì náà síbẹ̀ pẹ̀lú, a jókòó sábẹ́ igi, a jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo dì wá. Nígbà tí ó gbẹ, a kó ojúoró sínú àpò ìdọ̀tí dúdú, a so ẹnu rẹ̀ ní ìso méjì.

Ni Aunty bá ní bóòtì kò lè wọ omi láìgbàdúrà. Baálé mi ṣí fìlà rẹ̀, ó ń retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aunty nawọ́ sí mi.

"Ìyàwó, ìwọ lo mọ omi. Ìwọ ni kó o gbà á."

Mi ò gbàdúrà lójú Aunty rí. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí bóòtì yìí rì, kí Ó má sì jẹ́ kí ó ba omi ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo ní bí a ṣe bá omi yìí ni kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Aunty ṣe Àmín tí àwọn tó ń pẹja lọ́ọ̀ọ́kán fi yíjú wò wá.

Èmi ni mo wà á lọ́jọ́ náà. Baálé mi gbé ìjókòó rẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo tọrọ. Mo tẹ̀ ẹ́, bóòtì gbé imú sókè, omi tẹ́jú lọ níwájú wa láìsí ewé kan lórí rẹ̀, mo sì pariwo, èmi obìnrin onírun funfun, mo pariwo bí ọmọdé. Aunty di etí bóòtì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní kí n rọra, wọ́n tún ní ṣé ibi tó lè sáré mọ nìyẹn.

Ìgbà tí a jáde, tí àwọn ọkùnrin ń tú ìdérí ìdí bóòtì kí omi dà nù, mo wá Aunty, n kò rí wọn. Ìgbà tí mo máa wò, wọ́n ti dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, níwájú omi, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè. Truck ńlá kan ń fi ẹ̀yìn bọ̀ pẹ̀lú bóòtì tó ju tiwa lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Awakọ̀ náà tẹ bíréèkì. Mo sáré.

"My son," Aunty ń wí, "come down and see."

Òyìnbó gíga kan sọ̀ kalẹ̀. Ó wo arúgbó kúkúrú tó ró ìró, tó wọ bàtà ìsáré. Aunty fi ìka hàn án: ewé gígùn kan ti yí mọ́ ìdí táyà trailer rẹ̀, ó ṣì tutù, ó ń kán omi adágún mìíràn tó ti bọ̀.

"This one will finish the water."

Mo ti múra láti bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, "Yes, ma'am," ó wa truck rẹ̀ padà gòkè, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ trailer rẹ̀, ó sì ń já a. Aunty tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, wọn kò kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ṣe é. Wọ́n ní kó tú omi inú bóòtì náà sórí koríko. Ó tú u. Wọ́n ní, "Now, let it dry." Ó wo oòrùn, ó wo ojú Aunty, ó sì lọ gbé àga rẹ̀ jáde, ó jókòó. Nígbà tí ó gbẹ, Aunty pè mí.

"Ìyàwó, wá bá mi wò ó. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo tẹ orúnkún tó bó yẹn mọ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ pa ìdí táyà, mo fi ọwọ́ pa irin trailer, mo yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lọ gbogbo ikùn bóòtì náà láti orí dé ìdí.

"Ó kù?"

"Kò kù, Aunty."

Wọ́n kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì juwọ́ sí ọkùnrin náà pé kó máa lọ. A jọ dúró, a ń wo bóòtì rẹ̀ bí ó ṣe ń wọ omi ní mímọ́. Aunty fi èjìká wọn gbá tèmi. Ayọ̀ tó gba ọkàn mi lọ́jọ́ náà kò ní àfiwé, torí kò sí ẹni tó máa fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dáná nítorí ohun tó wọ omi lójú wa.